Ẹ Má Ta Ẹ̀rọ Yẹn Fún Onírin Àlòkù

Wọ́n ti lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn wọ́kùṣọ́ọ̀pù tó wà lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú ọgbà wa. Ohun tó wà níbẹ̀ kò gùn: wọ́n fẹ́ kó àwọn ẹrù tí kò wúlò mọ́ kúrò, ẹni tó bá fẹ́ ra irin àlòkù kó wá wò wọ́n, kó sì dá iye tó lè san. Àwọn àga tó ti ṣẹ́ wà nínú ẹrù náà. Fáànù wà níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì wà níbẹ̀. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ìkẹrin wọn ló mú wa kọ ohun tí ẹ ń kà yìí: ẹ̀rọ lathe CNC kan tí wọ́n fi máákà pupa kọ ọ́ sí lára pé ó ti kọ̀ǹdẹ́ḿ.

Irọ́ ni. Kò tíì kọ̀ǹdẹ́ḿ. Ẹni tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Kí ló kan ọmọ ẹ̀ka èdè Yorùbá nínú ẹ̀rọ tó ń gé irin? Ṣé oríkì ni wọ́n fẹ́ fi jí i ni? Ọ̀rẹ́ wa kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti bi wá bẹ́ẹ̀ lójúkojú, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ bí a ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa ní ká lọ kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ká mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irinṣẹ́ wọn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí àwa jókòó sí kíláàsì dá sílẹ̀ fún wọn. Àwọn kan lọ sọ́dọ̀ télọ̀, àwọn kan lọ sọ́dọ̀ rewáyà. Àwa mẹ́rin lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nígboro, níbi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀yà ara mọ́tò àti ti ẹ̀rọ ìlọta. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òṣogbo ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí orúkọ Machine Tools ṣì ń dún níbẹ̀. Èrò wa ni pé ká kó ogún ọ̀rọ̀ jọ, ká sì máa lọ. Sátidé méje la lò níbẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, lẹ́yìn lathe ọlọ́wọ́ mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ̀rọ CNC kan wà tó dàgbà ju àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Fanuc 0M ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Síkírìnì rẹ̀ kéré, lẹ́tà rẹ̀ àwọ̀ ewé. Kò ní ibi tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀, kò mọ ohun tó ń jẹ́ Wi-Fi. Síbẹ̀, tí iná bá ti wà, iṣẹ́ ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, owó tó ń pa ló sì rán ọmọ ọ̀gá méjì nílé ìwé. Ẹ̀rọ tí ilé ìwé tiwa fẹ́ tà ní ìwọ̀n irin, Fanuc 0T ló wà lórí rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń bọ́ ilé, wọ́n fẹ́ fi èkejì ra ìwọ̀nba owó tí kò ní tó ra ẹ̀yà ara rẹ̀ kan.

Fún ẹni tí kò bá rí i rí: tó bá jẹ́ lathe ọlọ́wọ́, ọwọ́ èèyàn ló ń yí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ọ̀bẹ súnmọ́ irin. CNC ò nílò ọwọ́ yẹn. Ẹ ó kọ gbogbo ìrìn ọ̀bẹ sílẹ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà, pé kó lọ síbí, kó gé báyìí, kó padà sẹ́yìn, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní prógíráàmù. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ ọ́ lóde òní, inú ẹ̀rọ ló sì ti máa ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tó máa gbà kúrò níbí dé ọ̀hún ni gbogbo ìjà wa.

Ọdún 1952 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ báyìí han àwọn èèyàn ní MIT ní Amẹ́ríkà, látara èrò John Parsons, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ ìyẹ́ hẹlikọ́pítà ti dà láàmú. Inú bébà gbọọrọ ni prógíráàmù máa ń wà láyé ọjọ́un. Wọ́n á lu ihò sí bébà, ẹ̀rọ á máa ka ihò. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò sí bébà tó fẹ̀ tó íǹṣì kan, tí lẹ́tà mẹ́wàá ń gba íǹṣì kan ní gígùn rẹ̀. Títí di ayé Fanuc 0, mítà bébà ni wọ́n ṣì fi ń wọn ohun tí ẹ̀rọ lè rántí. Ẹ̀rọ ọ̀gá lè rántí mítà 40. Ẹ ṣírò ó: mítà 40 kò ju íǹṣì 1,575 lọ, ìyẹn bí lẹ́tà 15,750. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yín yà lónìí ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ẹ̀rọ yìí sì fi ń rọ irin nìyẹn láti bí ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n fi wáyà rọ́pò bébà. Ìlànà wáyà náà ń jẹ́ RS-232, ó ti wà láti ọdún 1960. Ẹ̀rọ ò tiẹ̀ mọ̀ pé bébà ti lọ. Nínú ìwé tó bá Fanuc wá, wọ́n ṣì ń pe ibi tí wáyà ń wọ̀ ní ibi ẹ̀rọ tó ń ka bébà àti èyí tó ń lu ihò.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ọgbà wa. Nígbà tí a rí bébà ara ilẹ̀kùn yẹn, a lọ bá ẹni tó ń tọ́jú wọ́kùṣọ́ọ̀pù. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, a ò ní parọ́ mọ́ ọn. A ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló pa á?" Ó ní ẹ̀rọ náà kọ̀, kò gba prógíráàmù. Ó ní lọ́dún tó kọjá àwọn ra pulọ́ọ̀gì, àwọn so wáyà, àwọn gbé kọ̀ǹpútà tì í fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, LSK nìkan ló ń ṣẹ́jú lójú síkírìnì, kò sí lẹ́tà kan tó wọlé. Wọ́n pe ẹnì kan láti ìta, ìyẹn ní bọ́ọ̀dù ló ti jó, owó bọ́ọ̀dù náà sì ju ohun tí apá ilé ìwé ká lọ. Bí wọ́n ṣe pa iná rẹ̀ nìyẹn.

A ní kí wọ́n jẹ́ ká rí wáyà náà. Wọ́n mú un jáde nínú dùrọ́ọ̀, eruku ti bò ó. Orí kan ní ẹsẹ̀ 9, orí kejì ní ẹsẹ̀ 25. Ọ̀kan nínú wa tú ìdérí rẹ̀, a ya fọ́tò ibi tí wọ́n fi léèdì jó wáyà mọ́, a sì gbé fọ́tò náà tọ ọ̀gá lọ nígboro. Ọ̀gá ò tíì gba fóònù sọ́wọ́ tán tó fi bú sẹ́rìn-ín. Ó pe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, pé kó wá wò ó. Ọmọ náà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Bàbá, ẹnu ni wọ́n kọ sí ẹnu."

Ohun tí ọmọ yẹn rí rèé, a ó sì sọ ọ́ bí ọ̀gá ṣe sọ ọ́ fún wa. Wáyà yìí kò ju ẹnu àti etí lọ. Ẹsẹ̀ kan wà tó ń sọ̀rọ̀ jáde, ẹsẹ̀ kan wà tó ń gbọ́, ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ jọ dúró lé. Ẹnu kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ sí etí ẹ̀rọ, ẹnu ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ sí etí kọ̀ǹpútà. Lára irú pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ 25 tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ àti Fanuc ní, ẹsẹ̀ 2 ni ẹnu, ẹsẹ̀ 3 ni etí. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ 25 ló wà ní ìhà méjèèjì, wáyà ní láti gba orí ara wọn kọjá: 2 sí 3, 3 sí 2. Ibẹ̀ ni gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo onímọ̀ ẹ̀rọ há sórí ti wá, pé kí wọ́n “cross two and three”. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó dé lẹ́yìn lo pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ 9, ẹni tó ṣe é sì yí ipò wọn padà: ẹsẹ̀ 2 di etí, ẹsẹ̀ 3 di ẹnu. Tí ẹ bá wá fẹ́ so ẹlẹ́sẹ̀ 9 pọ̀ mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ 25, tààrà ni: 2 sí 2, 3 sí 3, ilẹ̀ kúrò ní 5 lọ sí 7. Ẹni tó bá mú wọn kọjá ara wọn níbẹ̀ ti kọ ẹnu sí ẹnu, ó ti kọ etí sí etí. Kọ̀ǹpútà á máa pariwo, ẹ̀rọ á máa retí, LSK á máa ṣẹ́jú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹni tó so wáyà ilé ìwé wa kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó ṣe ohun tí ìwé ní kó ṣe, gẹ́lẹ́. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin ló há sórí, ó sì lò ó níbi tí kò yẹ, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn ò ka ìwé kọjá JSS 3. Kò mọ gbólóhùn yẹn rárá. Ẹnu sí etí ni wọ́n kọ́ ọ, kò sì sí pulọ́ọ̀gì tó lè tàn án jẹ. Kódà tí kò bá mọ èwo ni ẹnu, ó ní ọ̀nà tó fi ń wá a: á tan ẹ̀rọ láìtíì fi wáyà sí i, á ki ọwọ́ mítà kan bọ ẹsẹ̀ ilẹ̀, á fi ọwọ́ kejì kan àwọn tó kù. Ẹsẹ̀ tó bá ń dúró níbi fólítì tó wà nísàlẹ̀ òfo, bíi 5 sí 15 nísàlẹ̀, ẹnu nìyẹn. Etí kì í mú nǹkan wá, ó kàn dákẹ́ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé èdè Yorùbá ò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ wá bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èwo ló gbé e nínú méjèèjì? Èwo ló jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, èwo ló sọ ọ́ di irin àlòkù? A ò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló bà á jẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí ní èdè tí kò fi ń ronú, ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà díẹ̀ báyìí ni á mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Ó sì yẹ ká sọ ti àwọn ẹgbẹ́ tiwa náà. Àwọn kan wà nínú kíláàsì wa tí wọ́n gbọ́ ìtàn yìí tán, tí ohun tó kàn wọ́n kò ju pé kí la máa pe RS-232 ní Yorùbá. Wọ́n ti dá orúkọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un kí ọjọ́ tó kanrí, èyí tó kúrú jù nínú wọn sì gba ẹ̀mí méjì ká tó pè é tán. Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀gá ń pè é ní wáyà. Ó ń pe bátìrì ní bátìrì. Ẹsẹ̀, ẹnu, etí, ilẹ̀: gbogbo ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ náà nílò ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn tipẹ́, kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá ká wá sọ wọ́n lórúkọ. Àlàyé ló ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú nínú àlàyé náà, torí wáyà nìkan kọ́. Ẹnu lè kọ sí etí kí ọ̀rọ̀ má sì yé wọn. Àwọn ẹsẹ̀ kan wà lára pulọ́ọ̀gì tó jẹ́ pé ìkíni ni wọ́n wà fún: ṣé o wà níbẹ̀, ṣé o ti ṣe tán? Tí ẹ̀rọ bá kí tí kò sẹ́ni tó dáhùn, á bínú, á gbé nọ́ńbà 086 síta. Ní ìhà ẹlẹ́sẹ̀ 25, ọ̀gá so 4 pọ̀ mọ́ 5, ó so 6, 8 àti 20 pọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa kí ara rẹ̀, kó máa dá ara rẹ̀ lóhùn." A rẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlù. Onílù àti ẹni tó ń jó gbọ́dọ̀ jọ mọ bí ìlù ṣe ń yára tó. Fanuc ọ̀gá ń gba 4800, 7, even, 2, ohun tí àwọn nọ́ńbà náà sì ń sọ rèé. Ẹyọ 4800 ló ń kọjá nínú wáyà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹyọ méje ni lẹ́tà kan. Ẹyọ kẹjọ jẹ́ ẹ̀rí: tí iye ọ̀kan-ọ̀kan inú lẹ́tà náà kò bá pín sí méjì dọ́gba, ẹ̀rí á fi ọ̀kan kún un kó lè pín, ẹ̀rọ á sì kà á wò. Ẹyọ kan ń ṣíwájú láti ní "mo dé," méjì ń kẹ́yìn láti ní "mo ti lọ." Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá fún lẹ́tà kan, ìyẹn bí lẹ́tà 436 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbogbo mítà 40 yẹn kò ní gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá 36 lọ kó tó wọlé tán. Tí kọ̀ǹpútà bá ń lu 9600 tí ẹ̀rọ sì ń jó 4800, 085 ló máa gbé jáde. 085 yẹn kì í ṣe ikú. "Mi ò gbọ́ ohun tí o wí" ló túmọ̀ sí.

Ní ti dídúró, ẹ wo ìyá tó ń bọ́ ọmọ. Tí ẹnu ọmọ bá kún, ọmọ á yí orí kúrò, ìyá á dá ṣíbí dúró. Tó bá gbé e mì, á tún yí orí padà. Bí prógíráàmù bá gùn ju ohun tí ẹ̀rọ lè rántí lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń bọ́ ọ: ó ń gé irin, ó ń gba ẹ̀kún ẹnu mìíràn. Ẹ̀rọ á fi nọ́ńbà 19 ránṣẹ́ padà pé "dúró ná," á fi 17 sọ pé "ó yá." Ibí ni àwọn laptop tuntun ti ń ṣẹ̀. Wọn ò ní pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ 9 mọ́, àfi ká ra wáyà kékeré tó ń sọ USB di RS-232. Àwọn kan nínú rẹ̀ dára. Àwọn mìíràn á ti kó ọ̀pọ̀ ṣíbí oúnjẹ pamọ́ sínú ara wọn, débi pé nígbà tí ẹ̀rọ bá ní kí wọ́n dúró, èyí tó ti wà lọ́nà á ṣì máa ya lù ú. Ọmọ á gbọ̀n ọ́n dànù. 087 nìyẹn. Ẹ lè dín ohun tí wáyà náà ń kó pamọ́ kù nínú kọ̀ǹpútà, ẹ lè rọ ìlù náà sílẹ̀ sí 2400. Ti ọ̀gá yàtọ̀. Laptop àlòkù kan tó ní ẹlẹ́sẹ̀ 9 gidi, tí Windows XP wà lórí rẹ̀, ló lọ rà. Ẹni tó tà á fún un ti kọ̀ǹdẹ́ḿ rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé Yorùbá la kàn ń gbè lẹ́yìn, ẹ gbọ́ ìtìjú tiwa. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ṣe fújà. Inú prógíráàmù, ààyè wà fún èèyàn láti kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ò ní kà sí àṣẹ, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì máa ń kọ orúkọ ọ̀bẹ síbẹ̀. Ó kọ ọ̀bẹ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. A fẹ́ fi ránṣẹ́, ọ̀gá ní ká dúró. Ó ní ẹ̀rọ ò mọ gbogbo ìyẹn. A jókòó ṣírò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wa. Ẹyọ méje kò lè dá ju lẹ́tà àti àmì 128 lọ, ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú wọn. Kọ̀ǹpútà òde òní ń fi ìdì mẹ́ta kọ ẹ kan ṣoṣo, ìdì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ. Tí wáyà bá gé ẹyọ kẹjọ orí ìdì kọ̀ọ̀kan sọnù, ohun tó máa dé ọ̀hún dípò ẹ ni a:9. Ṣ kékeré á di a9#. Àwa tí a ń bá gbogbo ayé jà lórí àmì ohùn! Nínú prógíráàmù, ẹ kọ OBE, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ara ògiri ni àmì wa wúlò sí, níbi tí ojú èèyàn ti ń kà á.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa jiyàn á ní ẹ̀rọ náà ti gbó, ká ra tuntun. Tí owó tuntun bá wà nílẹ̀, ta ló ní kẹ́ ẹ má rà á? Kò sí. Ẹ̀rọ yìí nìkan ni CNC tó wà nínú ọgbà yìí, àwọn ọ̀rẹ́ wa ń gba oyè lórí ohun tí wọ́n rí nínú fídíò nìkan. Ẹlòmíràn á ní àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé mọ́ ara ẹ̀rọ báyìí, tí fláàṣì ń wọ̀. Ó wà lóòótọ́, ó sì dára. Wáyà RS-232 ló fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá kọ ẹnu sí ẹnu níbẹ̀ náà, ẹ ó tún kọ̀ǹdẹ́ḿ àpótí.

A gbà pé ẹ̀rọ lè kú lóòótọ́. Tí irin tó ń gbé ọ̀bẹ bá ti jẹ tán, tí mọ́tò rẹ̀ bá jó, tí eku bá ti jẹ wáyà inú rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnu sí etí fẹ́ ṣe sí i. Bọ́ọ̀dù tó ń gba wáyà náà lè jó, pàápàá tí èèyàn bá ń ki pulọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́ nígbà tí iná wà lára méjèèjì. Ọ̀gá máa ń pariwo lé wọn lórí lórí ìyẹn: ẹ pa méjèèjì kẹ́ ẹ tó so wáyà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó tíì fi wáyà tó tọ̀nà dán an wò rí. Ẹ ò lè sọ pé odi ni ẹni tí ẹ ò tíì kọ ẹnu sí etí rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ kíákíá. Bátìrì ló ń gbé ìrántí ẹ̀rọ náà tí iná kò bá sí. Lára Fanuc 0, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá mẹ́ta ni, irú èyí tí ìyá àgbà ń fi sí rédíò. Wọ́n ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ̀rọ sì wà ní títàn nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Wáyà, ẹ pa á. Bátìrì, ẹ tàn án. Ẹni tó bá ṣì wọ́n mú ti wọ gàù. Níbi tí iná ti ń lọ fún ọjọ́ mélòó kan, bátìrì yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ìrántí náà, tó bá sì kú, gbogbo nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó rọ ẹ̀rọ fi sínú rẹ̀ á pa rẹ́. Ẹ̀rọ á tàn, kò ní mọ ara rẹ̀ mọ́. Ti ilé ìwé wa ti wà ní pípa láti ọdún tó kọjá. Ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa, a rí bébà kan nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀kùn rẹ̀: gbogbo nọ́ńbà yẹn ló wà níbẹ̀ ní títẹ̀, ti ẹ̀rọ yìí gan-an, kì í ṣe ti òmíràn. Èèyàn lè jókòó tẹ̀ wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá tẹ̀ wọ́n tán, wáyà kan náà á kó wọn sínú kọ̀ǹpútà pamọ́, kò sẹ́ni tó máa tún fọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́. Tí onírin àlòkù bá gbé ẹ̀rọ lọ, bébà yẹn á bá a lọ sínú iná.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ fa ìlà lé nọ́ńbà kẹrin lórí bébà ara ilẹ̀kùn yẹn fún oṣù kan. Àwọn àga, ẹ tà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá wá. Ó ti gbà láti wá lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ bá yàn, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ àti laptop rẹ̀, owó mọ́tò nìkan ló sì bèèrè. Àwa mẹ́rin á jókòó tẹ nọ́ńbà tó bá yẹ ní títẹ̀. Kò sí ohun tí ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n ṣe tó ká máa wo àmì kéékèèké lórí bébà kó má sì ṣì wọ́n kà. Ẹni tó ń tọ́jú wọ́kùṣọ́ọ̀pù ti ní òun á wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, a fẹ́ lẹ bébà tiwa mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, èyí tí a kọ pẹ̀lú ọ̀gá ní Sátidé keje, tó sọ ohun tí 085, 086 àti 087 ń wí, tó sì ya àwòrán ẹnu àti etí sí i. Tí ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ lẹ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ààyè wà lára ògiri.

Wáyà tuntun ti wà nílẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ló jó o. Bátìrì mẹ́ta náà ti wà nílẹ̀, a dá owó rà wọ́n. Wọ́n ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni onírin àlòkù máa wá wọn ẹrù.